Ojú Ìwé Phulwanti

Omi odò Ganga ti mu Vanmala dé orúnkún nígbà tí Dinkar kọ́kọ́ rí i. Ṣáàrì rẹ̀ tó pupa rúsúrúsú lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó gbá ìkòkò eérú òkú ìyá àgbà rẹ̀ tí wọ́n sun mọ́ àyà, ó sì ń dá àlùfáà kan lóhùn láìgbé ohùn sókè.

"Ọkùnrin wo ló tẹ̀ lé ọ wá?"

"Kò sí. Èmi ló tọ́ dàgbà, èmi náà ni mo máa dà á sómi."

Ó sì dà á. Dinkar, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn etídò níwájú ìwé ìran, gbàgbé pé òun ti ki kálàmù bọ tàdáwà. Tàdáwà náà kán sí aṣọ funfun rẹ̀.

"Ẹ ti ba aṣọ yín jẹ́," ni Vanmala wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. "Ìdílé amọ̀kòkò Kelapur ni wá. Ẹ bá mi kọ orúkọ ìyá àgbà mi. Phulwanti."

Bhavnath, bàbá Dinkar, ló dáhùn. Láti ìran dé ìran ni ìdílé rẹ̀ ti ń kọ orúkọ òkú àwọn tó ń wá da eérú sódò ní Haridwar. "Ọmọ mi, a kì í kọ orúkọ obìnrin. 'Ìyàwó Dharamdas' la máa kọ."

"Bàbá, obìnrin ni odò yìí. Ìyá lẹ̀ ń pè é. Ẹ ní láti ọ̀run ló ti wá gba ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún òkú ọkùnrin là. Ìyàwó ta lẹ kọ òun náà sí?"

Bhavnath pa ìwé náà dé, ó fi aṣọ pupa dì í. "Máa lọ sílé."

"Mo máa padà wá lọ́la. Àti lọ́túnla."

Ó padà wá lóòótọ́. Lọ́jọ́ kẹta, Dinkar gbé tíì fún un nínú ife amọ̀. Vanmala yí ife náà wò. "Ta ló mọ èyí? Ó wọ́."

"Ẹ mu tíì inú ẹ̀, kò wọ́." Ó jókòó tì í. "Ẹ sọ̀rọ̀ ìyá àgbà fún mi."

Vanmala sọ fún un pé lọ́dún tí wọ́n pín orílẹ̀-èdè wọn sí méjì, Dharamdas kú lójú ọ̀nà. Phulwanti kó ọmọ mẹ́ta kọjá ààlà, ó ń ka orúkọ àwọn baba ńlá ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń rìn, kó má baà gbàgbé.

Dinkar wọlé lọ tú ìwé ìdílé Vanmala, ó sì rí ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá àgbà òun fúnra rẹ̀: *Omi ba ojú ìwé àtijọ́ jẹ́. Opó Dharamdas ló ka orúkọ mẹ́jọ yìí sílẹ̀.*

"Bàbá, gbogbo ọkùnrin tó wà níbí, ẹnu obìnrin yìí ni wọ́n ti jáde."

Bhavnath kà á lẹ́ẹ̀mejì. Dinkar kọ Phulwanti síbẹ̀ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ìgbà òjò parí, Dinkar ń lọ sí Kelapur lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Vanmala ń kọ́ ọ ní ìkòkò mímọ. Gbogbo ife tó mọ ló wọ́.

"Mo ti wá mọ ẹni tó mọ ife ọjọ́ yẹn," bẹ́ẹ̀ ni Vanmala ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Fẹ́ mi, kó o lè máa bá mi tún un ṣe, olólùfẹ́ mi."

Nígbà tí àwọn méjèèjì lọ sọ fún Bhavnath létídò, ó ní, "Ọmọ amọ̀kòkò, tí kò sí ní ipò wa? Bó o bá fẹ́ ẹ, orúkọ rẹ kò ní sí nínú ìwé ìdílé wa láéláé."

Vanmala dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dinkar. "Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Ó dùn mí. Mo ṣì máa fẹ́ ẹ."

Vanmala tú aṣọ pupa, ó ṣí ìwé ìdílé tirẹ̀. "Àyè wà lójú ìwé tiwa. Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀, àmọ́ àwa la máa ń sọ ohun tó ń wọ inú ẹ̀." Ó gba kálàmù, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀: *Vanmala, ọmọ ọmọ Phulwanti. Ọkọ rẹ̀ ni Dinkar.*

Tàdáwà kán sí ṣáàrì rẹ̀.

Bhavnath na ọwọ́ sí ìwé náà. Wọ́n rò pé ó fẹ́ pa á dé ni. Ó kàn fà á kúrò lábẹ́ òjìji, ó fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí nínú oòrùn, kí orúkọ náà lè gbẹ.