Ìró Idẹ Nínú Ìkòkò

"Bàbá mi ní fàdákà nìkan ni kí n gbà," Ṣubúọlá wí, ó sì fa aṣọ òkè mẹ́rin tó kó wá sí ọjà Ṣakí mọ́ra.

Mùstàfá rẹ́rìn-ín. Oníṣòwò aṣọ ni, láti ìlú Ṣàbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ló ti máa ń wá. "Ọdún kẹta rèé tí àwọn Òyìnbó ti ń jagun, ọmọ mi. Wọ́n ti ṣa fàdákà ilẹ̀ wa lọ. Díẹ̀ tó kù lọ́wọ́ mi nìyí, ó tó iye tí bàbá rẹ dá lé aṣọ, kò lé kọ́bọ̀." Ó wá fa ìwé fẹ̀ǹfẹ̀ kan yọ nínú àpò awọ. "Èyí náà owó ni. Ilé owó ńlá tó wà ní Páríìsì ló tẹ̀ ẹ́. Bí o bá gba ìwé, ó fi ìdajì ju fàdákà lọ. Èwo lo fẹ́?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ṣubúọlá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ra iyùn de ọdún, òun nìkan ni ọrùn rẹ̀ ṣófo, wọn kò sì jẹ́ kó gbádùn. Ó rò ó pé bí àkókò bá tó, òun á pààrọ̀ ìwé náà lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣàbẹ́, òun á yọ ti bàbá, òun á fi èyí tó lé ra iyùn. Ta ni yóò mọ̀? Ojúkòkòrò, baba ọ̀kánjúwà. Ó gba ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ wọ̀nyẹn kì í ṣe aṣọ lásán. Àwọn ni Oyèlẹ́yẹ, bàbá rẹ̀, hun kẹ́yìn kí ojú rẹ̀ tó ṣú tí kò fi rí òwú mọ́. Dókítà òyìnbó kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń la irú ojú bẹ́ẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé e wá ní kété tí òjò bá dáwọ́, kí òun tó padà sí ìlú òun. Owó aṣọ ni wọn yóò fi san owó dókítà àti ti àwọn tí yóò gbé e.

"Fàdákà lo gbà?" bàbá bi í nígbà tó délé.

"Fàdákà ni, Bàbá."

"Jẹ́ n gbọ́ ọ."

Ṣubúọlá wọ yàrá, ó mú ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ sáyé lọ, ó kó wọn sínú ìkòkò, ó sì mì ín. Ó dún woroworo. Oyèlẹ́yẹ dẹ etí sí i.

"Ó dáa," ó wí. "Lọ rì í mọ́lẹ̀ kí olè má rí i."

Ẹ wo bó ti rọrùn tó láti tan ẹni tí kò ríran!

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó ẹyọ nílé wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe. Ó fi àkísà di ìwé, ó fi í sínú ìkòkò, ó dé e, ó sì rì í sí igun yàrá lábẹ́ ẹní rẹ̀. Oṣù márùn-ún ni òjò fi rọ̀. Kò hú u wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹyọ kì í jẹrà, fàdákà kì í jẹrà. Kí ló fẹ́ máa hú wò?

Nígbà tí òjò dáwọ́, wọ́n bá àwọn agbérù mẹ́rin sọ̀rọ̀. Ṣubúọlá gbẹ́ ilẹ̀. Ilé ikán ló bá nínú ìkòkò. Nínú àkísà, ìwé tó kù kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Ó sáré lọ bá Tísà Gbádébọ̀, tó ti ṣe akọ̀wé fún àwọn Faransé ní Kútọnù rí. Tísà gbé àjẹkù ìwé náà sí oòrùn, ó wò ó pẹ́.

"Owó gidi ni, àmì ilé owó ṣì hàn nínú rẹ̀," ó wí. "Ìyẹn ló dùn mí jù. Láyé ọjọ́un, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Faransé ń tẹ ìwé owó bó ṣe wù wọ́n, títí ó fi di pàǹtí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dá ilé owó yìí sílẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, pé kó máa ṣọ́ wúrà, kó sì máa tẹ ìwé tí ènìyàn lè gbọ́kàn lé. Ìlérí ló wà lára ìwé yìí. Bó tilẹ̀ ya, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣì hàn, wọn ò ní ṣàì dá ọ lóhùn. Nọ́ńbà rẹ̀ dà?"

"Ikán ti jẹ ẹ́, sà."

"Ká ní o gbé e wá lọ́jọ́ tí o gbà á, inú àpótí ni à bá tọ́jú rẹ̀ sí. Kí ló dé tí o kò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Ṣubúọlá gba àjẹkù ìwé náà padà, ó sì kọrí sílé.

Nígbà tó délé, bàbá ti wọ agbádá ìrìn àjò, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ṣubúọlá kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Oyèlẹ́yẹ kò jágbe mọ́ ọn.

"Mo mọ̀ pé idẹ ni," ó wí. "Ogún ọdún ni ìyá rẹ fi wọ ẹ̀gbà yẹn káàkiri ilé yìí. Ṣé n ò ní mọ ìró rẹ̀ ni? Mo ní bóyá etí mi náà ti ń bàjẹ́ tẹ̀lé ojú. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n pe etí mi ní òpùrọ́ ju kí n pe ọmọ mi bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó bọ́ agbádá, ó ní kí àwọn agbérù máa lọ.

Dókítà padà sí ìlú rẹ̀. Ojú Oyèlẹ́yẹ kò là mọ́ títí ó fi kú. Ṣubúọlá ń ran òwú fún àwọn ahunṣọ káàkiri Ṣakí, gbogbo owó tó bá rí, iwájú bàbá ló ń kó o sí. Bàbá kì í tètè fọwọ́ kàn án. Yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe ará ilé kejì pé kó wá bá òun wò ó bóyá owó gidi ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ilé owó tó wà lókè òkun kò mọ Oyèlẹ́yẹ rí, síbẹ̀ kò yẹ ìlérí tó ṣe lórí ìwé. Ọmọ bíbí inú Oyèlẹ́yẹ ló yẹ tirẹ̀, nítorí iyùn. Bí irọ́ bá jẹ ìgbẹ́kẹ̀lé tán bí ikán ṣe jẹ ìwé yẹn, kò sí ilé owó kankan láyé tó ń bá ni pààrọ̀ rẹ̀.