Gbólóhùn Tí A Fi Bírò Pupa Kọ

Ọkùnrin náà ò wọ ẹ̀wù. Òjò ọ̀sán ń rọ̀ kíkankíkan, ilẹ̀kùn ilé ìtẹ̀wé ṣí gbàgà, géńdé kan sì já wọlé láìní nǹkan kan lọ́rùn, omi ń ṣàn láti orí rẹ̀ wọ inú bàtà. Ẹ̀wù tó yẹ kó wà lára rẹ̀, ó ti fi di ẹrù kan, ó sì gbá ẹrù náà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí fèrèsé gbójú sókè, ó sì lanu sílẹ̀ láìmọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ọkùnrin náà sọ, kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni, "ẹ bá mi wò ó bóyá ó ti tutù."

Ó tú ẹ̀wù náà sórí tábìlì, ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po. Ìwé àfọwọ́kọ ló wà nínú rẹ̀, ó nípọn tó ìrọ̀rí. Ọmọbìnrin náà fi ìka tọ́ etí rẹ̀ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìwé yín ò tutù," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ tutù."

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ara rẹ̀. Ojú tì í débi pé ó sáré gbé ẹ̀wù tó rin gbingbin náà wọ̀ níbẹ̀, orí rẹ̀ sì há sínú apá ẹ̀wù. Ọmọbìnrin yìí ló bá a fà á sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ojú ọkùnrin náà yọ síta, ẹ̀rín ló bá lẹ́nu ọmọbìnrin náà.

"Ìtàn kí ni?" ó bi í.

"Ìtàn ayé, lẹ́yìn tí ayé bá ti parẹ́ tán."

Ẹ̀rín yẹn kú. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ìyá ọmọbìnrin náà kú lójijì, láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Ayé ti parẹ́ lójú tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ tó dùn tí ènìyàn á fi jókòó kọ ọ́ sínú ìwé.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?"

"Fíríìjì ni mo ń tún ṣe," ọkùnrin náà dáhùn.

Oní-fíríìjì ló kọ ìtàn òpin ayé. Ọmọbìnrin náà wo ìwé, ó wo ọkùnrin, ó sì gba ìwé náà kalẹ̀, torí iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́.

Ojú Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ni ilé ìtẹ̀wé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ara rẹ̀ ló fi gba àga ìdí fèrèsé yẹn. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wá àṣìṣe nínú ìwé oníwèé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, àmì kan ṣoṣo ò sì tíì bọ́ mọ́ ọn lójú rí. Bó ṣe ń ṣe é ni pé ẹ̀yìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ka èyí tó ṣáájú rẹ̀, títí á fi dé ojú ìwé kìíní. Bàbá ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní bí ènìyàn bá ka ìtàn láti iwájú, ìtàn á gbé e lọ, kò ní rí àṣìṣe mọ́.

Bàbá tún kọ́ ọ ní nǹkan kejì. Ohun tí wọ́n bá fi pẹ́ńsù kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ìbéèrè ni, ẹni tó ni ìwé ni wọ́n ń bi. Ohun tí wọ́n bá fi bírò pupa kọ, àṣẹ ni. Bàbá Tàdáwà, àgbàlagbà tó ń tẹ àtúnṣe sínú kọ̀ǹpútà tó sì ń darí ẹ̀rọ, kì í bi pupa léèrè. Bó ṣe rí i ló ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, pupa lè pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ó lè tún ọ̀rọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láé. Láti ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá ti ń tẹ̀wé, kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ojú Abẹ́rẹ́ fi ka ìwé oní-fíríìjì láti ẹ̀yìn, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìmọ ohun tó ń sọ. Lọ́jọ́ kẹrin ó kan gbólóhùn kan: *Wọ́n ti bo ọbẹ̀ ọ̀la dáadáa, wọ́n sì lọ.*

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ṣí ìwé sẹ́yìn síbi tí orí náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ló ṣẹ́kù nínú ìlú ńlá kan. Ó ń wọ ilé dé ilé, kò wá wúrà, kò wá aṣọ. Fíríìjì ló ń ṣí. Ó ń wo ohun tí àwọn tó lọ ti fi pamọ́ láti jẹ lọ́jọ́ kejì, ó ń sọ ọ́ sókè kí ẹnì kan lè gbọ́ pé wọ́n gbé ayé níbẹ̀, lẹ́yìn náà á rọra pa ilẹ̀kùn fíríìjì dé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá ọmọbìnrin náà tán, ó dá wọ ilé ìdáná, ó ṣí fíríìjì láti mu omi. Abọ́ ọbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ọ̀rá bò, tó so ó létí méjèèjì, ọbẹ̀ tí wọn ì bá jẹ lọ́jọ́ kejì. Ó dúró síbẹ̀ títí òtútù fi mú un lẹ́sẹ̀. Kò sọ fún Bàbá. Kò sọ fún ẹ̀dá kankan. Báwo wá ni ọkùnrin tí ò wọ ẹ̀wù yìí ṣe wọ ilé ìdáná wọn?

Ó kó ìwé náà jọ, ó ṣí ojú ìwé kìíní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti iwájú, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Kò jẹun ọ̀sán. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín.

"Ojú Abẹ́rẹ́, kí ló ṣe ẹ́?" Bàbá Tàdáwà bi í. "Àṣìṣe ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí àṣìṣe ńbẹ̀, Bàbá. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn."

Ìfẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ ká máa fi orúkọ mìíràn pè é. Ó nífẹ̀ẹ́ ìwé náà bí ènìyàn ṣe ń nífẹ̀ẹ́ ènìyàn, ó ń gbé e relé, ó ń gbé e bọ̀, ó sì ń kà á díẹ̀díẹ̀ kó má baà tètè tán.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fíríìjì kékeré tí wọ́n ń gbé omi sí nílé ìtẹ̀wé kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ojú Abẹ́rẹ́ ló sọ pé òun mọ ẹni tí wọ́n lè pè. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́, ó wọ ẹ̀wù lọ́tẹ̀ yìí, ó kúnlẹ̀, ó wo ẹ̀yìn fíríìjì fún ìṣẹ́jú kan, ó sì dìde.

"Fíríìjì yín ò ní àìsàn kankan. Wọ́n yọ ọ́ lára iná ni."

"Ta ló yọ ọ́?" Bàbá Tàdáwà béèrè.

Ojú Abẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ tábìlì bí ẹni tó ń wá àmì ohùn tó sọnù. Ọkùnrin náà wò ó, ó rí etí rẹ̀ tó ti gbóná, ó sì tẹ́ irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó dà bíi pé mo gbọ́dọ̀ máa wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá. Wọ́n á jọ rìn dé ìkóríta, wọ́n á máa jiyàn lórí ìwé. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Ojú Abẹ́rẹ́ sọ ọ̀rọ̀ abọ́ ọbẹ̀ fún un, ọkùnrin náà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wá jẹ́wọ́ pé ọdún méje lòun fi kọ ìwé náà, pé ojú ìwé tó kẹ́yìn nìkan, ẹ̀ẹ̀mọkàndínlógún lòun kọ ọ́. "Bí wọ́n bá yí ibòmíràn padà, mo lè fara dà á," ó ní. "Ibẹ̀ yẹn, rárá."

Bàbá ń wò wọ́n látojú fèrèsé, inú rẹ̀ ò dùn.

"Ọkùnrin tó bọ́ra sílẹ̀ nínú òjò torí bébà," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ẹni tó fi ọdún méje ro bí ayé ṣe máa parí, ìgbà wo ló fẹ́ ro bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyàwó?"

"Ẹ ka ìwé rẹ̀ ná, Bàbá mi."

"Mo ń tẹ̀wé ni. N kì í kà á."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wá dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, èyí tó ti kà láti ẹ̀yìn lọ́jọ́ kìíní láìmọ ohun tó ń sọ. Ọkùnrin inú ìwé ti rìn la gbogbo ìlú já, ó dé iwájú ilé kan ṣoṣo tó kù, ó rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹnì kan wúkọ́ nínú ilé. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó dúró pẹ́, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì padà síbi tó ti wá. Ó parí.

Ó ya Ojú Abẹ́rẹ́ lẹ́nu, lẹ́yìn náà inú bí i. Bírò pupa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ibẹ̀ láti fi tu ọkàn ara rẹ̀ lára lásán: *Rárá o. Ó yíjú padà, ó sì kan ilẹ̀kùn.* Ó rò ó pé òun máa da ojú ìwé náà kọ sórí bébà mìíràn láìpẹ́ láti fi rọ́pò rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni oní-fíríìjì wọlé. Ó ní òun ò wá wo fíríìjì. Ó ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ti fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ tó fa apá ẹ̀wù sọ̀kalẹ̀. Orí ọmọbìnrin náà fò lọ. Ó tẹ̀ lé e jáde, wọ́n rìn títí oòrùn fi wọ̀, nígbà tó sì padà, tábìlì rẹ̀ ti mọ́. Bàbá Tàdáwà ti kó ìwé lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò tilẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ bọ́ lórí ẹ̀rọ, ó rùn fún tàdáwà, ó sì rẹwà. Ojú Abẹ́rẹ́ ṣí i láti ẹ̀yìn, bó ṣe mọ́ ọn lára. Ó rí gbólóhùn ara rẹ̀ ní lẹ́tà dúdú, ó tò tẹ̀ lé tàwọn yòókù bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. "Rárá o" gan-an wà níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bàbá Tàdáwà ní, "Pupa ni mo rí." Òótọ́ ló sọ.

Bàbá ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló burú. Ó na ọwọ́, ó gba bírò pupa lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fi sápò àyà.

"Lọ sọ fún un fúnra rẹ. Títí á fi dárí jì ẹ́, o ò ní jókòó sórí àga yẹn. Bó bá ní ká tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, a máa tún un tẹ̀."

Ó bá ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín àwọn fíríìjì tó ṣí ẹnu sílẹ̀. Ó na ìwé sí i. Ọkùnrin náà kà á.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni. Mi ò fẹ́ kó jáde. Mi ò lè fara dà á pé ó padà, mo kọ ọ́ fún ara mi, mo wá gbàgbé torí pé o wọlé. Mo ti ba iṣẹ́ ọdún méje rẹ jẹ́."

"Ibẹ̀ nìkan ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn," ó ní. Ó pa ìwé náà dé. "Jọ̀ọ́, máa lọ sílé."

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kọjá. Kò wá, kò pè. Àga ẹ̀bá fèrèsé ṣófo, àwọn ìwé tí wọ́n dì sínú páálí wà nílẹ̀, Bàbá ò gbà kí wọ́n gbé ọ̀kan jáde. Ojú Abẹ́rẹ́ jókòó sílé, ó ń gbálẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ìwé náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àga rẹ̀ pẹ̀lú, gbogbo rẹ̀ torí gbólóhùn kan. Ó dùn ún wọra.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejìdínlógún, òun àti Bàbá ń mu tíì nílé, ni wọ́n bá gbọ́ kó, kó, kó.

"Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn," Bàbá ní. Kò dìde.

Ọmọbìnrin náà lọ ṣí i. Ọkùnrin náà ló dúró síbẹ̀, ó lọ ẹ̀wù rẹ̀ dáadáa, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo kàn án," ó sọ. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé ìwé yìí dé iwájú ilé ìtẹ̀wé yín tí mo padà. Ọjọ́ kẹrin, òjò ló lé mi wọlé. Ojú ìwé tí mo kọ lẹ́ẹ̀mọkàndínlógún yẹn, ẹ̀ẹ̀mọkàndínlógún ni ọkùnrin inú ìwé ń padà, torí èmi náà ni mo ń padà. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan bínú sí ẹ. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tó wúkọ́ nínú ilé yẹn. Láti ọdún méje, mi ò rò ó rí."

Omi ń dà lójú ọmọbìnrin náà, kò nù ún.

Ọkùnrin náà kọjú sí Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má tún un tẹ̀ o, sà. Bó ṣe wà yẹn ni mo fẹ́ ẹ. Kìkì 'Rárá o' yẹn ni kẹ́ ẹ bá mi yọ, bí ó bá ṣeé ṣe."

"Kò ṣeé ṣe láìtún gbogbo rẹ̀ tẹ̀," Bàbá ní. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Mo ti kà á. Gbogbo rẹ̀, láti iwájú. Ọbẹ̀ tí ìyá ọmọ mi bò sílẹ̀, mo rí i nínú fíríìjì lọ́jọ́ tí a sin ín, mi ò sì sọ."

Ọmọbìnrin náà yíjú sí bàbá rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ṣùgbọ́n kò tíì parí lójú tèmi," Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ó kan ilẹ̀kùn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ọwọ́ ọmọ yín ló wà." Ọkùnrin náà gbójú sókè sí ọmọbìnrin náà láti ilẹ̀. "Ẹyinjú mi, mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ṣé o máa gbà?"

Ọmọbìnrin tí kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wo ọkùnrin méjèèjì.

"Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un," ó ní. "Ó wọlé, kò sì padà mọ́."

Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò àyà, ó mú bírò pupa jáde, ó sì gbé e sórí tábìlì síwájú ọmọ rẹ̀.

"Fi pupa kọ ọ́," ó ní.