Ẹ̀ẹ̀mẹta Lójú Kan Náà

Ọjọ́ tí Onísùúrù kọ́kọ́ rí obìnrin tó padà wá fẹ́ràn, ẹ̀rọ Onísùúrù ni obìnrin náà ń fi ṣẹ̀sín.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé ni, níbi tí àwọn aláyò ṣẹ́ẹ̀sì ti ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé. Onísùúrù ti kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà tó lè ta ayò náà fúnra rẹ̀. Obìnrin yìí, olùkọ́ ìṣirò, jókòó láti bá ẹ̀rọ ta ayò, ẹ̀rọ sì kó gbogbo ọmọ ayò rẹ̀ tán, ó ku ọba nìkan. Ẹ̀rọ ní ọba àti ayaba. Ọmọdé á parí ìyẹn wẹ́rẹ́.

Àfi bí ẹ̀rọ ṣe gbé ayaba lọ sápá ọ̀tún, tó gbé e padà, tó tún gbé e lọ, tó sì tún gbé e padà. Nígbà tí ojú ayò rí bákan náà lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin náà pàtẹ́wọ́.

"Òfin ti wí o, ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójú kan náà, ọ̀mì ni. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ojú ti Onísùúrù. Ó ṣàlàyé pé bí ọmọ ayò bá ti ku díẹ̀, ètò náà kì í ronú mọ́. Àkójọ ńlá kan ló ń yẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ti kọ bí gbogbo irú ojú ayò bẹ́ẹ̀ ṣe máa parí sí. "Ibi yòówù kó gbé ayaba sí, àkójọ ń sọ fún un pé yóò borí."

"Ohun tó kó bá a nìyẹn," obìnrin náà dáhùn. "Ó mọ̀ pé òun á borí, kò mọ iye tó kù. Kí ló máa lé e léré?"

Bí ìfẹ́ obìnrin náà ṣe wọ Onísùúrù lọ́kàn nìyẹn.

Obìnrin náà fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì fi pamọ́. Sátidé kì í yẹ̀ wọ́n. Ọkàn Onísùúrù balẹ̀ pátápátá pé tòun ni, ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ló sì ṣàkóbá fún un.

Aránṣọ ni bàbá obìnrin náà. Nígbà tí Onísùúrù kọ́kọ́ lọ kí i, wọ́n fún un ní àpótí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì.

"Ọmọ mi, ìgbà wo lò ń mú àwọn òbí rẹ bọ̀?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ ọwọ́ mi yìí."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní sùúrù ni baba ìwà. Lọ́dún kejì, àpótí kan náà, èsì kan náà. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, ó feyín já òwú. Lọ́dún kẹta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"N kò bínú sí ọ. Àmọ́ ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹlòmíràn ti wá tọrọ rẹ̀, òun sì ti dá ọjọ́."

Ìdí Onísùúrù kò balẹ̀ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó parí ohun tó fi ọdún mẹ́ta fà. Àkójọ ti ń sọ iye ìṣísẹ̀ tó kù, ètò sì ń rántí gbogbo ojú ibi tó ti dé kó má baà padà síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé e síwájú obìnrin náà.

"Ta á wò, olólùfẹ́ mi."

Wọ́n ta á. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́jọ kí ẹ̀rọ borí. Ó ku márùn-ún. Ó ku ẹyọ kan. Omi ti kún ojú obìnrin náà.

"Ó ti mọ̀nà báyìí," ó wí.

"Dìde, ká lọ bá bàbá. Lónìí."

"Mo ti sọ fún ọkùnrin yẹn lánàá pé mo gbà."

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Ìwọ ni mo fẹ́ràn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń retí kó o bi mí pé ọjọ́ wo ló wù mí. Òun bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́." Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Onísùúrù, ó sì gbé báàgì rẹ̀.

Sátidé ni obìnrin náà àti ọkùnrin yẹn ṣe ìgbéyàwó. Onísùúrù lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ayò ọjọ́sí ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà. Ìṣísẹ̀ kan ló kù fún ẹ̀rọ láti borí, ṣùgbọ́n ọba obìnrin náà ló kàn láti ṣí, ẹ̀rọ sì ń dúró dè é.