Tàkúté Tí Kò Ní Màrìwò

"Nínú gbogbo yín, ta ló mọ igbó yìí jù?"

Arábìnrin Ìmọ́lẹ̀olúwa ló béèrè bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ní Abà Olóbì, ní Lágelú. Àjọ aláàánú kan ló rán an wá. Àjọ náà fẹ́ fi owó ìtọrẹ dáàbò bo ìyókù igbó etí odò, kí ẹdun àti ẹtu inú rẹ̀ má bàa run tán. Wọ́n sì fẹ́ la ọ̀nà ẹsẹ̀ gba inú rẹ̀, kí àwọn ará ìgboro lè máa wá rìn níbẹ̀, kí wọ́n gba atẹ́gùn, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. Ó ku ẹni tí yóò jẹ́ olórí àwọn aṣọ́gbó.

Kò sẹ́ni tó fèsì. Bàbá Sàníù, àgbà ọdẹ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, jókòó níwájú pátápátá. Àwọn tó kù ń wo ilẹ̀. Ẹnìkan wúkọ́.

Ọdẹ kan tó ń jẹ́ Oyèkúnlé náà wà níbẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n dárúkọ òun. Ta ló tún mọ ibi tí ẹtu ti ń mumi? Ta ló mọ igi tí ẹdun ń sùn sí? Síbẹ̀, gbogbo wọn dákẹ́ lọ gbári. Nígbà tó sú arábìnrin náà, ó yíjú sí Ọlájídé, ọ̀dọ́kùnrin àgbẹ̀ kan tó kàwé, ó sì fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́.

Oyèkúnlé gbé ìbínú relé lọ́jọ́ náà bí ẹni gbé iná sínú agbada.

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni," ó wí fún Títíladé ìyàwó rẹ̀. "Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran, òun ni wọ́n fi jọba lé mi lórí."

"Bàbá Ìfẹ́, iṣẹ́ aṣọ́gbó lẹ wá ń pè ní oyè ọba?"

"Máa rẹ́rìn-ín. Tó bá ń tiro lójú ọ̀nà, wàá sọ fún mi bí adé ṣe yẹ ẹ́ sí."

Ọlájídé wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa ṣe é. Ẹ̀yin lẹ máa fi ọ̀nà hàn mí."

"Ṣé o sọnù ni? Lọ bi ìwé tí o kà."

"Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ẹ kó o fún Jésù, ẹ má jẹ́ kó bà yín jẹ́. Òun ló ni ẹ̀san, àwa kọ́."

"Tó bá jẹ́ òun ló ni ín, kó yá mi díẹ̀ nínú rẹ̀. Màá dá a padà tí mo bá lò ó tán."

Ìwọ tó ń kàwé yìí, má sáré dá a lẹ́jọ́. Ó lè jẹ́ pé ìwọ náà ti yá nínú rẹ̀ rí.

Òfin kan wà láàárín àwọn ọdẹ ibẹ̀. Ẹni tó bá dẹ tàkúté sí ibi tí ènìyàn lè gbà gbọ́dọ̀ so màrìwò rọ̀ sókè ibẹ̀, kó lè kan ẹni tó ń kọjá lórí, kó sì yà. Ọdẹ tí kò bá so màrìwò, apànìyàn ni wọ́n ń pè é. Oyèkúnlé kò já òfin yìí rí. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò ṣí ọ̀nà tuntun náà, ó mú tàkúté onírin méjì wọgbó. Ó dẹ ọ̀kan sí kọ́nà tí Ọlájídé máa ń gbà kọjá láràárọ̀. Ó dẹ èkejì sí ìyànà ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló yà sí. Ó fi ewé gbígbẹ bò wọ́n. Kò so màrìwò kankan. Ó wá fara pamọ́ sí ìyànà náà, nítorí ó fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ igbe Ọlájídé.

Ohùn ọmọdé ló gbọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n pè wá wo ọ̀nà tuntun náà ti tètè dé, wọ́n ń kọrin bọ̀ lọ́nà.

Oyèkúnlé mọ̀ pé kọ́nà náà ni wọ́n máa gbà. Ó lè pariwo. Ó lè sáré jáde. Ṣùgbọ́n èṣù sọ̀rọ̀ sí i lọ́kàn, ó sì gbà á gbọ́: "Jẹ́ kí tàkúté mú ọ̀kan nínú wọn. Àjọ náà á kó owó wọn lọ, ojú á sì ti Ọlájídé títí ayé." Ó sún sẹ́yìn, kí wọ́n má bàa rí i.

Tàkúté tí òun fúnra rẹ̀ dẹ sí ìyànà náà já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ká ní ó so màrìwò ni, ìbá ti kàn án lórí.

Ó ké, igbó mì. Ọlájídé gé àárín igbó kọjá, ó sáré dé. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ irin náà, ó là á lẹ́nu, ó yọ ẹsẹ̀ Oyèkúnlé.

"Olúwa ò! Èwo nínú àwọn ìkà ló dẹ èyí láìso màrìwò?"

Orin àwọn ọmọ ti ń súnmọ́ kọ́nà. Ó ṣeé ṣe fún Oyèkúnlé láti dákẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí ara rẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe ń rí i, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì bà á.

"Èmi ni! Òmíràn wà ní kọ́nà! Jídé, dá wọn dúró!"

Ọlájídé ké sí olùkọ́ wọn, wọ́n dúró. Ó fi igi gún ewé kọ́nà náà. Tàkúté já, igi náà kán sí méjì. Ó mú ààbọ̀ igi náà padà wá.

"Ta lẹ dẹ ẹ́ fún?"

"Ìwọ."

Ọlájídé gbé igi náà sókè. Oyèkúnlé di ojú, ó ń retí igi lórí. Ohun tí òun ìbá ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí igi náà ṣe bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ gùn mí lẹ́yìn."

Nígbà tí wọ́n dé títì, tí wọ́n ń dúró de ọ̀kadà tí yóò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, Oyèkúnlé bi í léèrè ìdí tí kò fi fi òun sílẹ̀.

"Ó wù mí kí n fi yín sílẹ̀. Ẹ má rò pé kò wù mí. Ṣùgbọ́n èmi náà ṣẹ Ẹnìkan, ìyà tó tọ́ sí mi ni Ó sì jẹ lórí àgbélébùú."

Lórí bẹ́ǹṣì onípákó kan létí títì náà, Oyèkúnlé gbàdúrà àkọ́kọ́ tó ti ọkàn rẹ̀ wá: "Jésù, ènìyàn ni mo ń dọdẹ. Ṣàánú mi." Olúwa sì gbọ́. Ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo abà àti níwájú arábìnrin náà, kò sì tọrọ ipò kankan.

Bàbá Sàníù wá kí i nílé, ó gbàdúrà fún un, ó sì ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà lọ. Oyèkúnlé wo Ọlájídé, tí òun náà wá kí i.

"Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí kò yé mi. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ mi lọ́jọ́ náà?"

Ọlájídé fi ẹnu júwe ẹ̀yìn bàbá náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló jókòó níwájú wa? Ta ni ìbá wí lójú wọn pé ẹlòmíràn mọ igbó jù wọ́n lọ? Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àbí ẹ̀yin náà ò dákẹ́?"

Oyèkúnlé fọwọ́ bo ojú. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ta ni ìwọ ń fi ewé bo irin dè? Ó lè jẹ́ pé lóòótọ́ ló ṣẹ̀ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò ṣẹ̀ ọ́ rárá. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ìyànà tí o fara pamọ́ sí yẹn léwu, ẹsẹ̀ rẹ ló sì súnmọ́ irin jù. Jésù ń bọ̀ wá sí ibi tí igbe rẹ ti ń wá. Má sún sẹ́yìn mọ́. Jẹ́wọ́ fún Un lónìí, níbi tí o wà yìí, kí o tó gbé ẹsẹ̀ tó kàn.