Ìlà Tó Pòórá Lára Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ìpè náà wọ àgọ́ ọlọ́pàá ní Súrùlérè. Ẹni tó pè ní wọ́n ti ja òun lólè nínú ọgbà òun ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ìnsípẹ́kítọ̀ Sẹ̀gilọlá, tó gbé fóònù náà, bi í pé kí ni wọ́n jí.

"Ìlà ara ọkọ̀ mi ni," ni ohùn náà dáhùn. "Ìlà gbọọrọ tó wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, lápá òsì. Mo jí láàárọ̀ yìí, mi ò rí i mọ́."

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Sẹ̀gilọlá ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó ti wá fóònù tó sọnù, ó ti wá ewúrẹ́, ó tilẹ̀ ti wá ọkọ ìyàwó tó sá lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Kò tíì wá ìlà rí. Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì gba Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lọ.

Ọkọ̀ náà wà láàárín ọgbà, jíìpù dúdú tó ń dán yinrinyinrin. Ẹni tó ni ín, Bàbá Adéríbigbé, dúró tì í nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ga bí igi ọ̀pẹ, ojú rẹ̀ sì le bíi ti ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló dáwó ra jíìpù náà fún un nígbà tó pé àádọ́rin ọdún.

Ọ̀rọ̀ ìlà náà ti lé ní oṣù méjì. Irin ọkọ̀ kò tẹ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ ló kàn bó. Ẹlòmíràn ì bá ti gbé e lọ fún àwọn akunmọ́tò ní Pápá Àjàó, kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Adéríbigbé ní ọkọ̀ akẹ́rù Àlàájì Aminullah tó ń gbé ní òdìkejì títì ló fi ara ha tòun níbi tóun gbé e sí lẹ́nu géètì. Àlàájì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀, èébú bí èébú, àwọn méjèèjì tó ti ń ṣọ̀rẹ́ láti bí ọgbọ̀n ọdún kò kí ara wọn mọ́. Bàbá gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ẹjọ́.

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tún un ṣe," ni Bàbá wí. "Ẹ̀rí mi ni. Mo lọ sí Abẹ́òkúta láti ọjọ́ Ẹtì, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé lánàá. Aminullah ló wọlé wá pa ẹ̀rí mi rẹ́."

"Ṣé ẹ ò gbé ọkọ̀ yìí lọ sí Abẹ́òkúta ni, Bàbá?"

"Àwọn ọmọ ní kí n má wakọ̀ lọ sọ́nà jíjìn mọ́. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa ló gbé wa."

"Ta ló tún ń wà á lẹ́yìn yín?"

"Kò sí. Ìyàwó mi ò mọ ọkọ̀ wà, mi ò sì ní dírẹ́bà."

Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀ kedere. Eruku fẹ́ẹ́rẹ́ wà lára àwọn ilẹ̀kùn yòókù, ṣùgbọ́n èyí mọ́ tónítóní, òórùn ọ̀dà tuntun sì ń ta sí i nímú díẹ̀díẹ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó jókòó sí àga awakọ̀. Obìnrin kúkúrú ni Sẹ̀gilọlá. Kò sí ọkọ̀ ọlọ́pàá kan tí kì í kọ́kọ́ fa àga rẹ̀ síwájú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé bíréèkì. Nínú jíìpù yìí, kò fa nǹkan kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ sórí bíréèkì wẹ́rẹ́.

Ó jáde, ó wo géètì. Àgádágodo rẹ̀ pé, kò sí ẹni tó já a. Àwọn òpó méjèèjì tó gbé géètì dúró ti pọ́n fún eruku, àyàfi ojú kan lára òpó tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹni tó bá ń jáde, tó ga dé ìbàdí èèyàn, tó funfun báláú.

Ìyàwó Bàbá, Màmá Gertrude, gbé omi tútù àti bisikíìtì jáde. Tíṣà ló fi iṣẹ́ ṣe ní Yábàá kó tó fẹ̀yìn tì, obìnrin kúkúrú kìtìkìtì tí ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín.

"Màmá, ṣé ilé lẹ wà lánàá?"

"Mo wà nílé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo yọjú sí Tejúoṣó lọ ra aṣọ bẹ́ẹ̀dì."

"Ṣé ẹ rí olè kankan?"

"Mi ò rí olè, ọmọ mi." Ó rọra gbé abọ́ náà kalẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí iṣu ẹni bá ta, ṣe là á fọwọ́ bò ó jẹ. Ọkọ̀ tó bó ti padà ń dán. Kí ló kù tá à ń pe ọlọ́pàá sí?"

"Gertrude, ẹ̀rí ni," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Mo ti gbọ́, Bàbá Jael," ni ó fèsì. Jael ni orúkọ àkọ́bí wọn.

Sẹ̀gilọlá sọdá títì. Àlàájì Aminullah, tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó, jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, ikùn rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó," ni Àlàájì wí. "Adéríbigbé pè mí ní òpùrọ́ lójú gbogbo àdúgbò. Síbẹ̀, nígbà Iléyá, mo gbé ẹran tiẹ̀ lọ fún un. Ó ní òun ò jẹ ẹ́. Ẹran náà wà nínú fíríìsà títí di òní. Mo ní kí n fún ẹlòmíràn, ọwọ́ mi ò gbé e."

Sẹ̀gilọlá wò ó dáadáa. Ẹni tó ń tọ́jú ẹran de ọ̀tá rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá tó le.

"Ṣé ẹ wọ ọgbà wọn lánàá?"

"Kí ni mo fẹ́ wá débẹ̀? Tejúoṣó ni mo wà látàárọ̀ dalẹ́."

Ìyàwó rẹ̀, Àlàájà Aneesah, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Nígbà tí Sẹ̀gilọlá kọjú sí i, ó gbé ojú lọ sókè àjà, ó sì fi eyín di ètè rẹ̀ mú bí ẹni tí ẹ̀rín fẹ́ bọ́ mọ́ lẹ́nu. Òun náà ní òun ò mọ nǹkan kan.

"Ta ló ni mọ́tò pupa yìí?" ni Sẹ̀gilọlá bèèrè bó ṣe ń lọ.

"Ìyàwó mi ni," ni Àlàájì fi ìyangàn dáhùn. "Òun ló kọ́ gbogbo ọmọ wa ní ọkọ̀ wíwà. Kì í pariwo mọ́ni."

Lọ́jọ́ kejì, Sẹ̀gilọlá kọrí sí Mushin. Ó ti ya fọ́tò jíìpù náà nínú oòrùn, ó sì ti rí i pé dúdú rẹ̀ kì í ṣe dúdú lásán. Bí oòrùn bá pa á, ó máa ń ta àwọ̀ aró díẹ̀. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n pò ó. Ó ń bèèrè láti ṣọ́ọ̀bù apọ̀dà kan dé òmíràn, títí ọ̀kan fi ní Ṣítù ló wá po irú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Akunmọ́tò ni Ṣítù, ọkùnrin gíga kan tí ọ̀dà oríṣiríṣi ti kun aṣọ rẹ̀. Ó ń fi sanpépà gbo ara ọkọ̀ kan lọ́wọ́ nígbà tí Sẹ̀gilọlá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Pápá Àjàó. Ó wo fọ́tò náà, inú rẹ̀ sì dùn.

"Iṣẹ́ mi nìyẹn, Mádáàmù. Ẹ wo bó ṣe dán. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn tún ọkọ̀ ṣe?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Mo fi sanpépà àti omi gbo ojú ibẹ̀ títí ó fi dọ́gba. Mo fín ọ̀dà ìsàlẹ̀ sí i, mo jẹ́ kó gbẹ. Mo fín dúdú yẹn, mo tún jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀dà dídán ló wá bò ó lórí, kí n tó fi pólíìṣì fà á. Iṣẹ́ òòjọ́ ni. Ẹ̀rọ tí mo fi ń fín ọ̀dà ń jẹ iná, a sì ní láti gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò wọn, kí oòrùn má sun ọ̀dà."

"Ta ló gbé e sábẹ́ igi?"

Ṣítù rẹ́rìn-ín. "Wọ́n gbé e síbẹ̀. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn."

"'Wọ́n' tí ò ń wí yìí, ṣé àgbàlagbà kan ni àbí èèyàn méjì?"

"Mádáàmù, èdè wa ti bò wọ́n láṣìírí. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Kò burú. Ṣé wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu níbi iṣẹ́?"

"Rárá o. Wọ́n kàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé ìwé."

Sẹ̀gilọlá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dá jókòó tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tó tún ń dá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ṣítù tẹ̀ lé òun.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, gbogbo wọn pé sínú ọgbà Bàbá Adéríbigbé. Àlàájì kọ́kọ́ ní òun ò ní wá, ìyàwó rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ dé. Ó dúró lẹ́bàá géètì, ó kẹ̀yìn sí Bàbá. Bàbá náà kẹ̀yìn sí i.

"Kò sí olè tó wọ ọgbà yìí," ni Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀. "Ṣítù ló tún ọkọ̀ ṣe, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́. Iṣẹ́ òòjọ́ ni, iná ilé yìí ló sì lò. Olè kan ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ géètì ló ṣí i fún un."

Bàbá yí ojú padà. "Ta ni?"

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Ẹnì kan wa ọkọ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì wà á padà. Àga awakọ̀ tí mo bá sún mọ́ iwájú débi pé orúnkún yín ò lè wọ ibẹ̀. Ṣítù ga. Àlàájà ga. Ikùn Àlàájì ò ní gba ibẹ̀. Ẹni tí kò ga jù mí lọ ló jókòó síbẹ̀."

Sẹ̀gilọlá rìn lọ sí ìdí òpó ọ̀tún, ó fi èékánná ha ojú funfun ara rẹ̀. Dúdú tó ń ta àwọ̀ aró yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀dà ọkọ̀ yín nìyí, Bàbá. Òpó yìí ló ha á nígbà tí wọ́n ń wà á wọlé. Ọkọ̀ Àlàájì ò kàn án. Ẹni tó wà á tún kun òpó náà kí ẹ má baà rí i, ó sì gbé ọkọ̀ padà síta níbi tí ẹ fi sí. Ọ̀rọ̀ Ṣítù sì fi hàn pé èèyàn méjì ló ń rẹ́rìn-ín lọ́dẹ̀dẹ̀. Mo wá bi ara mi pé, ta ló lè kọ́ màmá àgbàlagbà kan ní ọkọ̀ láìpariwo mọ́ ọn?"

Ètè Àlàájà Aneesah ti ń gbọ̀n. Màmá Gertrude dìde.

"Ó tó, ọmọ mi. Èmi ni."

Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ojú yín ti ń ṣú, Bàbá Jael. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti kọjá iná pupa tí ẹ ní ewé ló bò ó. Mo ní bí nǹkan bá ṣe ọ̀kan nínú wa, ta ni yóò wa ọkọ̀ dé ọsibítù? Nígbà ọ̀dọ́ wa, ẹ kọ́ mi lọ́kọ̀, ẹ pariwo mọ́ mi títí mo fi bọ́ sílẹ̀ lójú títì Yábàá, tí mo fẹsẹ̀ rìn délé. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ Aneesah. Lọ́jọ́ tí mo fi ọkọ̀ ha òpó, ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kí n tó la ẹnu, ẹ ti dé iwájú ilé Àlàájì, ẹ ń bú u. Ojú tì mí. Nígbà tó wá di ẹjọ́, ẹnu mi wúwo."

"Èmi náà wà níbẹ̀," ni Àlàájà wí, ó ń wo ọkọ tirẹ̀. "Mo ti ṣèlérí fún un pé mi ò ní sọ. A rò pé bí ìlà bá lọ, ìjà á bá a lọ."

Bàbá Adéríbigbé jókòó sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Sẹ̀gilọlá rò pé ẹkún ni. Nígbà tó ṣí ojú, ẹ̀rín ni, omijé ẹ̀rín sì ti ṣàn dé irùngbọ̀n rẹ̀.

Ó dìde, ó lọ bá Àlàájì níbi tó dúró sí. "Aminullah, mo jẹ̀bi rẹ. Dárí jì mí."

"O jẹ̀bi gan-an," ni Àlàájì wí. "Ó yẹ kí n gbé ọ lọ sí kóòtù." Kò lè mú ojú le tó. Ó dì mọ́ Bàbá, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í ṣubú.

"Kóòtù ṣì ṣí báyìí," ni Bàbá wí nígbà tí wọ́n jára wọn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ fa ẹjọ́ náà yọ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó rìn dé ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó dúró díẹ̀. Ó yíjú padà, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì jókòó sẹ́yìn, Àlàájà sì jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Gertrude. Ṣítù tẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ ọkọ̀ náà, kí wọ́n máa fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kí wọ́n sì tètè fọ ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lára rẹ̀, torí ó máa ń jẹ ọ̀dà. Màmá ní òun gbọ́.

Sẹ̀gilọlá ṣí géètì gbayawu, ó sì bọ́ sẹ́yìn ògiri, kí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ má bá òun níbẹ̀. Jíìpù náà yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín òpó méjèèjì. Bàbá Adéríbigbé ya ẹnu láti pariwo pé kó yà sọ́tùn-ún, Àlàájì sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu náà pátápátá. Màmá Gertrude bọ́ sí títì láìfara kan nǹkan kan, ó tan iná ìyàbàrá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì yà sí ọ̀nà Yábàá.