Bọ́ọ̀lù sí Ọlọ́wọ́ Òsì

Apá-amọ̀nà tí wọ́n rọ fún Adéróunmú kò ṣàṣìṣe rí, àfi lọ́jọ́ tí ó ju bọ́ọ̀lù sí ọlọ́wọ́ òsì.

Nígbà náà, lórí Ayé Pupa, ènìyàn kì í jagun nítorí omi mọ́. Kíríkẹ́ẹ̀tì ni ìlú méjì fi ń parí ìjà: ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù láti wó igi mẹ́ta, ẹnìkejì tó dúró níwájú igi á fi pátákó gbá a dànù. Ẹni tó bá borí ló ni kànga yìnyín. Àwọn ará Òkè-Eruku gbójú lé Adéróunmú, nítorí apá irin tó wà léjìká rẹ̀ ń kọ́gbọ́n: ẹnikẹ́ni tó bá ti ju bọ́ọ̀lù sí rí, apá náà rántí bí yóò ṣe wó igi mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ nìkan ló wà lọ́kàn obìnrin yìí. Ọmọ náà, ìkẹta lẹ́yìn oyún méjì tí wọ́n ní wọn ò dúró, wà ní ilé-ọlẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbé oyún dípò ìyá, ilé náà sì ni wọn yóò kọ́kọ́ tì bí omi bá tán.

Kò sí ọlọ́wọ́ òsì kankan ní Òkè-Eruku. Dókítà Fárónbí, tó rọ apá náà, tó sì ń bójú tó ilé-ọlẹ̀, bẹ àwọn àgbà pé kí àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ máa fi ọwọ́ òsì gbá bọ́ọ̀lù níwájú Adéróunmú, kí apá lè mọ̀ ọ́n. Olóyè Ọ̀jẹ́wálé kọ̀ jálẹ̀.

"Fárónbí, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣé omi baba wa la ó wá fi gbà?"

Dókítà dọ̀bálẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àgbà ti sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ìdíje pé, àwọn ará Ìsàlẹ̀-Yìnyín, ìlú tó ń bá wọn du kànga, rán ọlọ́wọ́ òsì jáde. Ìdúró irú ẹni bẹ́ẹ̀ yí padà: bọ́ọ̀lù tó máa ń ṣòro fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún láti gbá, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló ń bọ́ sí, yóò kàn gbá a lọ ni. Adéróunmú rí i kíákíá. Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ kejì igi wá, kó lè yí ọ̀nà bọ́ọ̀lù padà, ṣùgbọ́n apá irin fà á padà sí ọ̀nà tó mọ̀. Ó fi gbogbo ara bá a jìjàkadì, ó ń sunkún, ó ń jù ú. Ọkùnrin yẹn ń gbá a jáde bí ẹni ń lé eṣinṣin. Nígbà tí apá yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́gbọ́n, ẹ̀pa ò bóró mọ́, kànga ti bọ́.

Adéróunmú bá Fárónbí ní ilé-ọlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dí ẹnu páìpù. Ó bi í pé báwo ni odindi ìlú ṣe lè wà kí a má bí ọlọ́wọ́ òsì kan ṣoṣo.

"Wọ́n ń wá," ni Fárónbí wí. "Ẹ̀rọ máa ń mọ ọwọ́ tí ọmọ yóò lò. Àwọn àgbà ló pàṣẹ pé ká máa dà wọ́n nù."

"Àwọn méjì tí ẹ ní wọn ò dúró fún mi ńkọ́, Dókítà?"

Kò lè wojú rẹ̀. "Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n inú wọn ì bá ti dàgbà tó ẹni tí yóò dúró gbá bọ́ọ̀lù níwájú rẹ."

Adéróunmú gbé ọwọ́ lé dígí tí ìkẹta wà nínú rẹ̀. Omi ibẹ̀ ti ń fà. Ó jókòó tì í títí ó fi gbẹ.