Ẹni Tí Ó Dùbúlẹ̀ Lé Emeric Lórí

Emeric mọ ẹ̀kọ́ ìṣúná bí ẹni mowó. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga wọn ní Àjàṣẹ́ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Ìgbéraga gùn ún débi pé bó bá ń kí àgbà, orí lásán ló ń mì. Ilé Ọlọ́run ńkọ́? Ọjọ́ ọdún nìkan ni wọ́n ń rí i níbẹ̀.

Báńkì kan ní ilẹ̀ Faransé fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo láti Àjàṣẹ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní sitáàjì. Emeric àti Joachim ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kù tí wọ́n ń dù ú. Joachim jẹ́ onígbàgbọ́, àdúgbò Djègan-Kpèvi ló ń gbé. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni àwọn ará báńkì yóò fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá yọjú ti pàdánù.

Emeric ti sọ fún gbogbo ará Houinmè, àdúgbò tirẹ̀, pé òun ń lọ. Báwo ni yóò ṣe wá dúró kí ojú tì í? Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù di ìkórìíra, ìkórìíra sì mú un gbé irin.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, ó dé akoto alùpùpù kí wọ́n má baà dá a mọ̀, ó ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé Joachim. Bí Joachim ṣe yọ, ó fi irin là á lápá. Egungun kán. Ó tún là á lórí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú ọmọ ọlọ́mọ. Kí ọ̀rọ̀ náà lè jọ ti olè, ó já àpò rẹ̀ gbà, ó sáré.

Ọgbọ́n àgbọ́njù ni. Bó bá jẹ́ ìjà ni, àwọn ará àdúgbò ì bá là á. Olè ni wọ́n rí. Àwọn tó ń ta ẹ̀sáǹsì, ìyẹn epo bẹntiróòlù, inú igò lẹ́bàá ọ̀nà àti àwọn tó ń lẹ táyà tú jáde. Òkúta bà á lẹ́yìn, ó ṣubú. Wọ́n já akoto kúrò lórí rẹ̀, wọ́n fi pákó gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ já sílẹ̀. Ẹnìkan da ẹ̀sáǹsì lé e lórí, òmíràn ń wá ìṣáná. Emeric fẹ́ kígbe pé òun kì í ṣe olè. Kí ni ì bá wá sọ pé òun jẹ́?

Joachim la àárín èrò kọjá, apá rẹ̀ ń fì. Ó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀ lé e lórí.

"Dìde lórí olè, ọmọ mi," bàbá kan tó ń lẹ táyà wí. "Kí la ó sọ fún ìyá ẹ?"

"Bàbá, èmi ló lù, èmi náà ni mo ń bẹ̀ yín. Bí ẹ bá máa ṣáná sí i, àwa méjèèjì ni kẹ́ ẹ ṣá a sí."

Ẹni tó mú ìṣáná jù ú nù. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n gbé Emeric lọ. Kò sí èyí tó yọjú sí àwọn ará báńkì nínú wọn, sitáàjì bọ́ mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́.

Nígbà tí Joachim wá wò ó ní àtìmọ́lé, wọ́n ti di apá rẹ̀, Emeric kò lè wo ojú rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò jẹ́ kí wọ́n pa mí?"

"Inú ń bí mi sí ẹ, Emeric, mi ò ní í purọ́. Àmọ́ Jésù ti gba ikú tó tọ́ sí mi kú. Ṣé kí n wá dúró máa wo tìẹ?"

Emeric wó lulẹ̀, ó sunkún bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "Olúwa, apànìyàn ni mí. Ṣàánú mi." Ó dìde, ó pe ọlọ́pàá, ó jẹ́wọ́ pé kì í ṣe àpò lòun wá jí, apá Joachim lòun wá ṣẹ́, kó má baà lè yọjú sí àwọn ará báńkì. Ọ̀rọ̀ yẹn fi kún ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ó sọ ọ́ tán ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bóyá o kò gbé irin rí. Ta ni o ti fi ẹnu pa? Ta ni ò ń retí kó ṣubú, kí o lè gba ipò rẹ̀? Má tan ara rẹ. Ìdájọ́ ń bọ̀, Jésù nìkan ló sì dúró láàárín ìwọ àti rẹ̀, ojú ọgbẹ́ tí ìwọ dá sí I lára náà ṣì wà. Má dúró di ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún Un gan-an bó ṣe rí. Kò ní í lé ọ.